Ṣé Àìrẹwà Ọkọ̀ Ló Ba Ọjà Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Jẹ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ibodè tó tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá kó wọlé láti òkè òkun. Ìròyìn náà rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Orílẹ̀-èdè tí Henry Ford ti sọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, kí ló dé tí òun náà fi ń wá ààbò fún ọjà ọkọ̀ tirẹ̀? Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ ní Èkó àti Kútọnu sì ti ní ìbéèrè kan tó jọ èyí tipẹ́: bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, kí ló fà á tó fi jẹ́ pé Toyota àti Honda ló pọ̀ jù nínú wọn, tí Chevrolet àti Chrysler sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ tó burẹ́wà, ni àwọn oníbàárà bá sá. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ yóò dárúkọ Edsel, yóò dárúkọ Pacer, yóò sì fi Aztek kádìí ọ̀rọ̀. Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ tó burẹ́wà kàn ń tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu nínú ilé-iṣẹ́ ni, àti pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, tó ń ba ohun tó wà lábẹ́ bọ́dì jẹ́ bó ṣe ń ba bọ́dì fúnra rẹ̀ jẹ́, ló lé oníbàárà lọ.

Àwọn wo là ń sọ, kí sì ni ìrísí ọkọ̀?

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni a ní lọ́kàn nínú àlàyé yìí: General Motors, tí a ó máa pè ní GM, Ford, àti Chrysler. Agbègbè Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbilẹ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti to ọkọ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ Camry tó ń rìn ní Amẹ́ríkà, tí àwọn kan nínú wọn wá di Muscle àti Big Daddy ní ojú títì wa, ìlú Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti tò wọ́n, ṣùgbọ́n ti Toyota ni wọ́n.

Ìrísí ni gbogbo ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ọwọ́ ń kàn lára ọkọ̀: bọ́dì, iná, ìjókòó, dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì, gíà, bírékì, àti ìpìlẹ̀ irin tí gbogbo wọn jókòó lé. Kí òǹkàwé fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn.

Bí a bá sì sọ pé ọjà wọn já wálẹ̀, ìpín tí wọ́n ń kó nínú ọjà ni a ń sọ. Wọn kò kógbá wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nǹkan bí ìdajì gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ti GM nìkan. Nígbà tó fi di ọdún 2009, ó ti kù sí nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún.

Ta ló kọ́ wọn pé ìrísí ló ń ta ọkọ̀?

Henry Ford kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1908 títí di 1927, ó ta Model T tó lé ní mílíọ̀nù 15, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú rẹ̀, dúdú nìkan ni wọ́n ń kùn ún. Alfred Sloan, tó di ààrẹ GM ní ọdún 1923, ló wá ọgbọ́n mìíràn. Ó to orúkọ ọkọ̀ GM bí àkàbà: Chevrolet fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rówó, lẹ́yìn náà Pontiac, Oldsmobile àti Buick, kí ó tó kan Cadillac lókè pátápátá. Bí owó ènìyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò máa gòkè. Lọ́dọọdún pẹ̀lú, wọn yóò tún ìrísí ọkọ̀ ṣe, kí ti èṣí lè di ògbólógbòó lójú ẹni tó ń wà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bàjẹ́.

Ní ọdún 1927 ni Sloan gba Harley Earl síṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń ṣe bọ́dì ọkọ̀ fún àwọn òṣèré sinimá ní Los Angeles, ó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un tó jẹ́ pé ìrísí nìkan ni iṣẹ́ wọn. Earl ló wà nídìí ìyẹ́ tí wọ́n fi sí ìdí ọkọ̀ Cadillac ní ọdún 1948, tí wọ́n wò láti ara ọkọ̀ òfuurufú ogun kan tó ń jẹ́ P-38. Ìyẹ́ náà ń ga sí i lọ́dọọdún, títí tí ti ọdún 1959 fi nà sókè ṣonṣo, tí iná pupa méjì méjì sì yọ lára rẹ̀ bí ọta ìbọn. Ìyẹ́ yìí kò ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti sáré tàbí láti dúró. Ṣùgbọ́n ó tà.

A kò lè sọ pé ọgbọ́n yìí burú, nítorí owó tó pa pọ̀. Ohun tó burú ni ohun tó kọ́ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà: pé bí ohunkóhun kò bá tilẹ̀ yí padà nísàlẹ̀, wọ́n lè pààrọ̀ awọ òkè kí wọ́n sì tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun.

Ṣé Edsel kò tó láti fi hàn pé ìrísí lè pa ọkọ̀?

Ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1957 ni Ford gbé Edsel jáde, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Henry Ford tó ti kú sọ. Wọ́n ti fi oṣù pọ́n ọn lójú aráyé pẹ̀lú ìpolówó, láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Nígbà tí aṣọ ṣí lójú eégún, ohun tí àwọn ènìyàn rí ni ọkọ̀ tí irin iwájú rẹ̀ dúró lóòró bí òrùka gígùn, nígbà tí ti gbogbo ọkọ̀ yòókù ń nà ní ìbú. Àwọn ẹlẹ́yà fi wé àjàgà ọrùn ẹṣin. Àwọn mìíràn fi wé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1959, Ford fòpin sí i, àdánù tí wọ́n sì máa ń kà sí i lọ́rùn tó nǹkan bí 250 mílíọ̀nù dọ́là, owó ìgbà náà.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló parí síbẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé Edsel dé ọjà nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ń dẹnukọlẹ̀. Pé iye owó rẹ̀ wọ inú ti Mercury, tó jẹ́ ti Ford kan náà, tó fi jẹ́ pé oníbàárà kò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Àti pé kò ní ilé ìtòọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń to Ford àti Mercury ni wọ́n ń da Edsel sí láàárín, àwọn kan nínú wọn sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á láìpé, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ohun tó kù lára rẹ̀ sí. Bọ́tìnì gíà rẹ̀ wà láàárín sítíárìn gan-an, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti máa ń wá fèrè, wáyà rẹ̀ sì ń yọnu. Ká ní iwájú Edsel rẹwà bí òṣùpá ni, kò dá mi lójú pé yóò yè é.

Ẹ̀rí méjì mìíràn wà. Ní ọdún 1968, Volkswagen ti Jámánì ta ju 400,000 Beetle lọ ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan náà tí wọ́n wá ń tò ní Èkó láti ọdún 1975, tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Kò sẹ́ni tó pè é ní arẹwà. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ gan-an ń fi ìrísí rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rí kejì ni pé Ford tó pàdánù lórí Edsel gbé Mustang jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1964, ó sì ta ju 400,000 lọ láàárín ọdún kan. Ìpìlẹ̀ Falcon, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú kan, ni wọ́n fi ṣe Mustang náà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ìpìlẹ̀ kan náà ṣe ọkọ̀ méjì, bí ẹni tó ń ra ìkejì bá rí ohun tó sanwó fún.

Kí ló wá yí padà ní àwọn ọdún 1970?

Epo ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo kọ̀ láti ta á fún Amẹ́ríkà nítorí ogun tó wà láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ sì ni owó epo rọ̀bì fi di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ó tún lọ sókè ní ọdún 1979 lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní Ìráànù. Ọkọ̀ ńlá tí Detroit mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ di ẹrù lọ́rùn ẹni tó ni ín.

Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi tọkàntọkàn ṣe é, nítorí èrè tó wà lórí ọkọ̀ ńlá ju ti kékeré lọ. Vega tí Chevrolet gbé jáde fún ọdún 1971 rẹwà, àwọn oníwèé ìròyìn ọkọ̀ sì yìn ín. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gbóná jù, bọ́dì rẹ̀ sì ń dógùn-ún kíákíá. Pinto ti Ford, tí kò burẹ́wà náà, ní táǹkì epo tó wà níbi tó ti lè gbiná bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù ú lẹ́yìn. Ní ọdún 1978, Ford ní láti pe nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọkọ̀ padà nítorí rẹ̀. Pacer tí AMC, ilé-iṣẹ́ kẹrin tó kéré ju àwọn mẹ́ta yìí lọ, ṣe ní ọdún 1975 ni wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín nítorí gíláàsì rẹ̀ tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó dààmú rẹ̀ gan-an ni pé ẹ́ńjìnì kékeré tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ GM fún un kò jáde, ni wọ́n bá ti ẹ́ńjìnì àtijọ́ tó wúwo tó sì ń mu epo bọ̀ ọ́.

Inú àlàfo yìí ni àwọn ará Jàpáàn gbà wọlé. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa: Toyopet Crown tí Toyota kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1957 kò lágbára tó fún ojú títì wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n padà sílé, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí epo wọ́n, Corolla àti Civic ń jẹ epo díẹ̀, ẹ́ńjìnì wọn kì í sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rà wọ́n nítorí ẹwà.

Ìjọba Amẹ́ríkà gbìyànjú láti dá wọn dúró. Ní ọdún 1981, Jàpáàn gbà láti má kó ju mílíọ̀nù 1.68 ọkọ̀ wọ Amẹ́ríkà lọ́dún kan. Wọ́n wá kọ́ ilé ìtòọkọ̀ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀: Honda ní Ohio ní ọdún 1982, Nissan ní Tennessee ní 1983, Toyota ní Kentucky ní 1988. Níwọ̀n bí iye ọkọ̀ tí wọ́n lè kó wọlé sì ti ní òdiwọ̀n, wọ́n yí ojú sí ọkọ̀ tó wọ́n; ibẹ̀ ni Acura àti Lexus ti jáde. Kí ẹni tó bá ń ka ìròyìn owó ibodè ọdún 2025 rántí èyí.

Báwo ni ọkọ̀ olówó ńlá ṣe wá jọ ọkọ̀ mẹ̀kúnnù?

Ìgbà yìí ni àṣìṣe ìrísí tó burú jù lọ ṣẹlẹ̀, lójú tèmi, kò sì sí ọkọ̀ kan nínú rẹ̀ tó burẹ́wà tó Edsel. Láti dín ìnáwó kù, GM bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpìlẹ̀ kan, bọ́dì kan, àti ilẹ̀kùn kan náà ṣe ọkọ̀ fún orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí aránṣọ kan bá gé aṣọ mẹ́rin láti inú ìgàn àǹkárá kan náà, tó rán wọn ní àrà kan náà, tó jẹ́ pé bọ́tìnì nìkan ló yàtọ̀, tó wá gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, tó sì gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ẹni kẹrin, kò ní sí ìjà títí di ọjọ́ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé lóde ìnáwó.

Ọjọ́ ìpàdé náà dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí ìwé ìròyìn Fortune to ọkọ̀ GM mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ojú ìwé àkọ́kọ́: Chevrolet Celebrity, Pontiac 6000, Oldsmobile Cutlass Ciera àti Buick Century. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Lincoln, tó jẹ́ ti Ford, ṣe ìpolówó tẹlifíṣọ̀n níbi tí àwọn olówó tó jáde láti ilé oúnjẹ ti ń dàrú nítorí pé wọn kò mọ èyí tó jẹ́ ọkọ̀ wọn nínú àwọn tó jọra.

Cadillac Cimarron ló fi àṣìṣe náà hàn jù. Ó jáde fún ọdún 1982, wọ́n sì fi awọ sí ìjókòó rẹ̀, wọ́n lẹ àmì Cadillac mọ́ ọn níwájú. Ṣùgbọ́n Chevrolet Cavalier ni, ẹnikẹ́ni tó bá wo ilẹ̀kùn àti òrùlé rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n, ó sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wọ́n ju Cavalier lọ. Àkàbà tí Sloan tò ló wó lulẹ̀ yẹn: bí ẹsẹ̀ òkè bá jọ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ni ènìyàn ń gòkè lọ ṣe? Ọdún 1986 ni wọ́n tún gé Cadillac Eldorado kúrú, nítorí pé wọ́n ti rò pé owó epo yóò ga gan-an nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, epo pọ́ọ́kú, Eldorado sì jọ àwọn ọkọ̀ kékeré GM tí owó wọn kéré sí tirẹ̀ fíìfíì. Iye tí wọ́n tà já wálẹ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ láàárín ọdún kan.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìrísí nìkan kọ́ ni?

Ìdánwò kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Ní ìlú Fremont ní California, GM ti ilé ìtòọkọ̀ kan pa ní ọdún 1982, níbi tí àìwásíṣẹ́ àti ìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ti di àṣà. Ní ọdún 1984, GM àti Toyota jọ ṣí i padà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní NUMMI, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ náà padà. Ọ̀nà iṣẹ́ Toyota ni wọ́n lò: òṣìṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe lè fa okùn kan láti dá iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Láìpẹ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́ tó burú jù ní GM ń to ọkọ̀ tó wà lára àwọn tó dára jù ní Amẹ́ríkà.

Láti ilé yìí ni Toyota Corolla àti Geo Prizm ti GM ti ń jáde. Ọwọ́ kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà, ìrísí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀. Síbẹ̀ Corolla ń tà ju Prizm lọ, ó sì ń pa owó ju ú lọ bí wọ́n bá fẹ́ tún un tà. Ohun tó yà wọ́n ni ìrántí àwọn tó ti ra ọkọ̀ GM rí. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti lọ kò ṣe é fi bọ́dì tuntun rà padà.

Aztek ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ní ìrísí kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 1999, GM fi àwòṣe kan hàn ní ìpàtẹ ọkọ̀ Detroit, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn láti lọ pàgọ́ nínú igbó, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò owó dé. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ akẹ́bí kan tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe é. Ìpìlẹ̀ náà ga, ó sì tínrín, bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tó fẹ̀ tó sì balẹ̀ ni wọ́n ya ìrísí náà. Bọ́dì wá nà sókè, ìdí rẹ̀ ga gàgàrà, wọ́n sì fi rọ́bà eérú bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ yípo. Nígbà tí wọ́n fi í han àwọn oníbàárà díẹ̀ kí ó tó jáde, àwọn wọ̀nyẹn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti náwó, wọ́n ti mú ọjọ́, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ pé kí wọ́n dúró.

Pontiac Aztek jáde ní ọdún 2000. Àgọ́ tí wọ́n lè so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wà, àpótí tó ń pa ohun mímu mọ́ ní tútù wà láàárín ìjókòó, inú rẹ̀ sì fẹ̀. Àwọn tó rà á fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro ni pé wọn kò pọ̀. GM retí láti ta tó 75,000 lọ́dún. Kò sí ọdún kankan tó tà tó 30,000, ó sì kógbá wọlé ní ọdún 2005. Buick Rendezvous, tí wọ́n ṣe lórí ìpìlẹ̀ kan náà ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ jẹ́jẹ́, tà ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Níhìn-ín, ìrísí ló dá ẹjọ́, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀.

Kí ló wá gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ní ọdún 2009?

Aztek kọ́. Láti ọdún 1964 ni Amẹ́ríkà ti ń gba owó ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń ti òkèèrè wọlé, nítorí ìjà lórí títa adìẹ láàárín òun àti àwọn ará Yúróòpù. Lábẹ́ ibòji yẹn ni Detroit ti ń jèrè lórí ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn jíìpù ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó ọgbọ́n wọn sí, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán fi ń jẹ àjẹkù. Gbèsè àtijọ́ tún wà: àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ GM pọ̀ ju àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, owó ìtọ́jú ìlera nìkan sì ń fi nǹkan bí 1,500 dọ́là kún ìnáwó lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àárín àwọn ọdún 2000.

Nígbà tí jálá epo kan ti Amẹ́ríkà kọjá dọ́là mẹ́rin ní ọdún 2008, tí àwọn báńkì sì dáwọ́ owó yíyá dúró ní ọdún kan náà, kò sí ibi tí wọ́n lè sá sí. Chrysler wọ ilé ẹjọ́ lọ wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2009. GM tẹ̀lé e ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà. Ìjọba fi nǹkan bí 50 bílíọ̀nù dọ́là sínú GM, kò sì rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Ford bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ó ti yá ju 23 bílíọ̀nù dọ́là lọ ní ọdún 2006, tó fi ohun ìní rẹ̀ dúró, títí kan àmì orúkọ rẹ̀. Oldsmobile ti lọ ní 2004. Pontiac tẹ̀lé e ní 2010.

Wọ́n ti tún ara wọn ṣe láti ìgbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù Ford sì ṣì ń tà wàràwàrà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, Ford kéde pé òun kò ní ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán mọ́ ní Amẹ́ríkà àfi Mustang, GM sì dáwọ́ ṣíṣe Chevrolet Malibu dúró ní ọdún 2024. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní Amẹ́ríkà báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáàn àti Kòríà ni yóò ti rí púpọ̀ jù nínú ohun tó wà lọ́jà.